Sátidé Jẹ́ Ti Àǹtí Fúnmi

Òórùn epo mọ́tò ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti mọ́ nígbà èwe mi. Àwọn ọmọ yòókù ní àdúgbò wa lè máa gbọ́ òórùn ẹyin díndín tàbí ti búrẹ́dì gbígbóná. Ní tiwa, epo ni, àti rọ́bà tó ti gbóná rí, àti ọṣẹ líle tí àwọn mẹkáníìkì fi ń fọ ọwọ́. Yóò gba àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ilé wa ní Downsview, nílùú òyìnbó, gòkè wá bá mi lórí ibùsùn. Kí n tó la ojú tán, inú mi á ti bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé bàbá mi ti wà nísàlẹ̀, wọ́n ti ń to irinṣẹ́ sínú àpótí, Àǹtí Fúnmi sì jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, ó ń mu tíì nínú ife bàbá mi.

Nínú ife bàbá mi. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ife yẹn nílé wa.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí, tí àwọn òbí yín kó yín wá ní kékeré, ẹ ó rántí bí ilé wa ṣe rí nígbà náà. Yàrá ò tó, èèyàn pọ̀. Ìbátan kan á ṣàdédé dé láti Nàìjíríà pẹ̀lú àpótí méjì, wọ́n á ní kí o sún kó lè rí ibi sùn. Bí Àǹtí Fúnmi ṣe dé sínú yàrá mi nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, òun ti pé méjìdínlógún. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ẹ̀gbọ́n náà ló kọ́ bàbá mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, òun ló sì wá ọ̀nà tí bàbá mi fi kúrò nílé nígbà tí ayé àwọn ológun le. Nígbà tó kú, bàbá mi ní àfi kí ọmọ rẹ̀ wá bá àwọn. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́.

Lẹ́nu, "ẹ" ni mò ń sọ fún un, mo sì ń pè é ní Àǹtí. Nínú ọkàn mi, "ó" ni. Àṣà náà ti mọ́ mi lára débi pé bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń kọ ọ́ síbí, ẹ má bínú. Ìyá mi fura. Bí wọ́n bá rí i tí mo ń ki aṣọ ìbora mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kó má baà kan tirẹ̀ lórí ibùsùn tí a jọ ń sùn, wọ́n á ní, "Tóyìn, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra." Màá dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé yàrá mi kì í ṣe ojú ọ̀run.

Iṣẹ́ bàbá mi wà nínú gáréèjì kan tí kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́. Àǹtí Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó dé. Ó mọ mọ́tò. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré. Òyìnbó tó ni gáréèjì náà ní mọ́tò ìje kan tí ẹnikẹ́ni kò wà mọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sítọ́ọ̀kì káà. Bí ẹ bá rí i láti òkèèrè, ẹ ó rò pé mọ́tò tí èèyàn fi ń lọ sọ́jà ni. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, irin ńláńlá sì yí àga náà ká bí ìgbà tí wọ́n da àgò bo adìẹ. Àǹtí Fúnmi wà á yí ẹ̀yìn gáréèjì ká lọ́jọ́ kan, ọ̀gá náà sì pe bàbá mi síta kí wọ́n wá wò ó. Bàbá mi sọ ìtàn ọjọ́ yẹn fún ìyá mi nídìí oúnjẹ. Wọ́n fi ṣíbí yàwòrán bí ó ṣe yí kọ́nà sórí tábìlì. N kò tíì rí wọn kí wọ́n yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti mú ìwé èsì mi wálé lọ́jọ́ náà, ó wà lábẹ́ àwo mi, n kò mú un jáde mọ́.

Báyìí ni Sátidé ṣe di ti Àǹtí Fúnmi. Láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí di ìgbà tí ewé bá ń já, wọ́n á lọ sí pápá ìje kan lóde ìlú, ó ju wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀, láàárín oko àgbàdo. Ọ̀nà ìje náà rí roboto bí ẹyin, ògiri kọnkéré yí i ká. Nǹkan bí ogún mọ́tò á máa sáré yí i po, wọ́n á súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi rò pé okùn kan ló so wọ́n pọ̀.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń fi eré ṣeré. Ní àṣálẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á mú Àǹtí Fúnmi jókòó nídìí tábìlì, wọ́n á máa kọ́ ọ ní ohun tó ti pa àwọn awakọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí o rí nínú mọ́tò yìí, ẹnìkan ló kọ́kọ́ kú kí wọ́n tó fi í síbẹ̀." Wọ́n á wá kà wọ́n. Nẹ́ẹ̀tì tó wà lójú fèrèsé, torí àwọn tí mọ́tò wọn tàkìtì tí apá tàbí orí wọn jáde síta ni. Àpò rọ́bà tó wà nínú táǹkì, torí àwọn tí iná jó mọ́nú ọkọ̀ ni. Wáyà gíga tó wà níwájú àwọn òǹwòran, torí táyà tó já tó sì fò bọ́ sáàárín èrò ni. Èyí tó pẹ́ jù kí aráyé tó gbọ́n sí i ni ti ọrùn. Mọ́tò á lu ògiri, kò ní fọ́ púpọ̀, àwọn èèyàn á máa retí kí awakọ̀ jáde wá juwọ́. Ara rẹ̀ wà ní dídè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó de orí. Orí á fò síwájú, egungun tó gbé agbárí á ya. Wọ́n ní àwọn gbajúgbajà kú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí àwọn aláṣẹ tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà le.

Nítorí náà ni bàbá mi ṣe ra nǹkan kan fún Àǹtí Fúnmi tí wọ́n ń pè ní àjàgà. Dúdú ni, ó le, orí èjìká ló ń jókòó sí, bẹ́líìtì á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, okùn méjì á sì so ó mọ́ akoto awakọ̀ kí orí má baà fò. Nígbà náà, pápá tiwa kò fi dandan lé e. Ọ̀pọ̀ ò wọ̀ ọ́. Bàbá mi fi dandan lé e. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," wọ́n á sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù ún kí wọ́n tó dá a padà sínú àpò rẹ̀.

Èmi náà máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀. Orí àtẹ̀gùn ni mo ń jókòó sí bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Láìpẹ́, mo mọ̀ ọ́n ju Àǹtí Fúnmi lọ. Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi bi í ní ìbéèrè tó sì ń ronú, mo dáhùn láti ibi tí mo wà, láìdúró mí, ìdí nẹ́ẹ̀tì, ìdí àpò rọ́bà, ìdí àjàgà. Bàbá mi wojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "O káre, Tóyìn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà sí i, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ilé ìwé wa ṣe àfihàn iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo mú ọmọláǹgidi méjì, mo yọ orí wọn, mo fi ẹyin rọ́pò. Mo de àwọn méjèèjì mọ́ inú mọ́tò ìṣeré, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni mo fi okùn so ẹyin rẹ̀ mọ́ èjìká. Màá jẹ́ kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan yí láti orí pákó lọ lu bíríkì. Ẹyin tí a ò so á já, á fọ́. Ẹyin kejì á mì, á dúró. Odindi oṣù kan ni mo fi ṣe é, mo ba ẹyin jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin pamọ́. Sátidé ni àfihàn náà bọ́ sí. Bàbá mi ní àwọn á wá. Wọ́n ní Àǹtí Fúnmi lè lọ síbi ìje ṣáájú pẹ̀lú ọ̀gá gáréèjì.

Wọn ò wá. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà ṣe ségesège láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì bá Àǹtí Fúnmi lọ síbi ìje. Ìyá mi wá tààrà láti ibi iṣẹ́, inú aṣọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n sùn lọ lórí àga. Mo ṣe ipò kejì. Nígbà tí mo délé, bàbá mi àti Àǹtí Fúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó ti ṣe ipò kẹta, wọ́n sì ti gbé ife ẹ̀yẹ rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi bẹ̀ mí, wọ́n bẹ̀ mí dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ife náà ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń bẹ̀ mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jí ṣáájú òórùn epo. Àpò àjàgà náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo mú un jáde, mo ká tówẹ̀lì méjì sínú àpò kó lè wúwo díẹ̀, mo fa síìpù rẹ̀, mo sì gbé àjàgà náà lọ sẹ́yìn àwọn táyà ìgbà òtútù nísàlẹ̀ ilé. Mo padà sórí ibùsùn, mo dùbúlẹ̀ ti Àǹtí Fúnmi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Gbogbo wa la jọ lọ lọ́jọ́ náà, torí ìyá mi kò ní iṣẹ́. Oòrùn mú. Ẹni tó kọ́kọ́ kí wa ni Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dìn, òyìnbó arúgbó kan tó ń kun ilé fún iṣẹ́ ajé rẹ̀, tó sì ti ń sáré ìje láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kò sí ìgbà tí ọ̀dà kì í wà létí rẹ̀. Òun ló fi bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà kẹta han Àǹtí Fúnmi, ó sì máa ń fún mi ní súwíìtì. Ó fún mi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Bàbá mi ṣí àpò, wọ́n rí tówẹ̀lì. Wọ́n tú gbogbo ọkọ̀ wò. Wọ́n bi ìyá mi, wọ́n bi Àǹtí Fúnmi, wọ́n bi mí. Mo ní n kò mọ̀. Àǹtí Fúnmi ní òun á sáré láìwọ̀ ọ́, pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, pé Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dìn kò wọ̀ ọ́ rí láyé rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí ju ẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀. Ẹnu mi ò ṣí. Bàbá mi ní, "O ò ní wọ inú mọ́tò yẹn." Ó bẹ̀ wọ́n, ó sunkún, ó ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà, wọ́n fi í sápò.

Nítorí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Àǹtí Fúnmi jókòó sí nígbà tí ìje bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ibẹ̀: inú mi dùn, súwíìtì sì wà lẹ́nu mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dìn fara kan òmíràn ní kọ́nà kẹta. Ó yà gba òkè, ó fi imú lu ògiri. Kì í ṣe ìkọlù ńlá. Mo ti rí èyí tó burú jù ú lọ tí awakọ̀ sì jáde tó ń rẹ́rìn-ín. Mọ́tò náà yí wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí koríko, ó dúró. Gbogbo èèyàn ń wo fèrèsé rẹ̀. Ní ibi ìje, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, awakọ̀ á já nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé sílẹ̀ kí ayé lè mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Àǹtí Fúnmi dìde. Ó ń sọ ọ́ sínú pé, "Já a, Gọ́dìn. Já a." Nẹ́ẹ̀tì náà kò mì. Mo rí bàbá mi tí wọ́n ń sáré gba orí koríko, àwọn tí kì í sáré. Wọ́n dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n fi orí wọ inú fèrèsé náà, wọ́n sì tún fà á jáde. Wọ́n bọ́ fìlà wọn. Ìgbà náà ni mo tu súwíìtì náà sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sunday. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi jáde síwájú láti jẹ́rìí. Wọ́n sọ bí àjàgà ṣe pòórá láti inú àpò, bí Fúnmi kò ṣe lè sáré, bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkùnrin tó kú gan-an ló máa ń wà. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ló gbé e pamọ́." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin dì mọ́ Àǹtí Fúnmi níkọ̀ọ̀kan. Bàbá mi jókòó, wọn ò pàtẹ́wọ́, wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọn ò gbé e kúrò títí ìsìn fi parí. Ẹ ó rò pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi ni mo ṣe é, òun ni wọ́n ń dì mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ wá nǹkan nísàlẹ̀ ilé, mo tẹ̀ lé wọn. Mo wọ ẹ̀yìn táyà, mo fa àjàgà náà jáde, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Mo bi wọ́n bóyá èmi ni mo pa Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dìn. Wọ́n ní rárá, pé àwọn ti fi ọdún púpọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó de ọrùn rẹ̀, ó kọ̀, pé ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Mo wá sọ ohun tó kù lọ́kàn mi, pé bóyá Ọlọ́run ló lò mí lóòótọ́, bí Mọ́mì ṣe sọ. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi bá tèmi dọ́gba.

"Ìlara ló gbé e pamọ́, kì í ṣe Ọlọ́run," ni wọ́n wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, má gbà á. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ fún Fúnmi. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Mo sọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ilé ìwé. Ó wà nídìí sítóòfù, ó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, kò yíjú padà. Ó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ tí o mọ ohun tó ń pa wọ́n jù mí lọ," ló sọ níkẹyìn. "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni, Tóyìn?"

Yorùbá ni mo fi dáhùn, èmi tí Gẹ̀ẹ́sì ni mo sábà fi ń dá èèyàn lóhùn nílé. Mo ní, "Rárá, mà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kúrò nílé wa ni."

Ó ní kò burú. Ó bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àwo mi, ó pa iná, ó sì lọ sókè láìjẹ tirẹ̀.

Kí ewé tó já tán, ó ti kó lọ bá ọ̀rẹ́ kan. Kò wa mọ́tò ìje mọ́. Ó sọ fún ìyá mi pé bí òun bá ti jókòó síbẹ̀, fèrèsé Gọ́dìn lòun ń rí. Bàbá mi náà kò lọ sí pápá mọ́. Sátidé di tèmi. Wọ́n mú mi lọ wẹ odò, wọ́n mú mi lọ sí ilé ìkàwé, wọ́n ń jókòó dè mí pẹ̀lú kóòtù mi lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ náà láé. Ṣùgbọ́n a ó wa ọkọ̀ láti ilé dé ibẹ̀, a ó wà á padà, wọn ò ní sọ gbólóhùn mẹ́ta. Ohun tí mo jà fún ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Ọ́fíìsì kan ní Meadowvale ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, bàbá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Àǹtí Fúnmi wà ní Milton, òun ló ń darí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ilé ìkẹ́rù kan, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta. A ń kí ara wa. Ó ń wá lọ́jọ́ Sunday. Bí bàbá mi bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé orí sókè kúrò lára àga, èmi tí mo wẹ̀ fún wọn tí mo sì fún wọn ní oògùn láàárọ̀, màá sì rí i. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá rò pé ìfẹ́ bàbá dà bí ẹran inú ọbẹ̀, pé bí ẹnìkan bá ti bù ú, tẹni kejì ti dín. Mo ti mọ̀ báyìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń yọjú wo àwo ẹlẹ́gbẹ́ mi.

Ní oṣù tó kọjá, àyà dun bàbá mi, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ẹnìkan ṣoṣo ló lè wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n la ojú, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Fúnmi ńkọ́?" Nísàlẹ̀ ló wà, ó ti sáré wá láti Milton, ó jókòó síbi tí àwọn èèyàn ń dúró sí. Mo mọ ohun tí ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ìbá ti ṣe. Ìbá ti sọ fún Àǹtí Fúnmi pé wọ́n ti sùn.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ pè é. Mo yọ báàjì àlejò ọrùn mi, mo fi í kọ́ ọ lọ́rùn. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ń wá ibi tí ó máa gbé e sí, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìta, mo rí wọn nínú dígí, bàbá mi fi ìka yàwòrán nǹkan roboto kan sórí aṣọ ibùsùn, wọ́n ń fi bí èèyàn ṣe ń gba kọ́nà hàn án, Àǹtí Fúnmi sì ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Mo di kóòtù náà mú, mo dúró.